Column á padà, dátà lè má padà

Iṣẹ́ dátábéèsì ti kọ́ mi pé kí table padà sí bó ṣe wà lọ́tọ̀, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ padà lọ́tọ̀. Nínú migration, ìyẹn fáìlì tó ń yí bí table ṣe rí padà, “up” ló ń ṣe àyípadà, “down” ló ń dá a padà. A máa ń kọ “down” sábẹ́ rẹ̀, ọkàn wa á sì balẹ̀. Ẹ wò ó: “up” yọ column tó ń gba nọ́ńbà fóònù kúrò, upgrade wá dàrú, ẹ sáré pe “down”. Column á padà lóòótọ́, àmọ́ NULL, ìyẹn òfìfo, ni ẹ ó bá nínú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Àwọn àgbà ní bí omi bá dànù, bí agbè ò bá fọ́, a ó tún òmíràn pọn. Agbè ò fọ́ níbí o, ṣùgbọ́n odò wo lẹ ti fẹ́ pọn nọ́ńbà àwọn èèyàn?

Ẹ ní backup, ẹ̀dà dátà tí ẹ ti fi pamọ́? Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí àwọn èèyàn bá ti lo ètò náà fún wákàtí méjì kí àṣìṣe tó hàn, backup tí ẹ bá dá padà á gbá gbogbo ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ láàárín wákàtí yẹn lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé migration tuntun tó ń tún ibi tó bàjẹ́ ṣe ni mo sábà máa ń kọ, dípò rollback, ìyẹn dídá gbogbo rẹ̀ padà sẹ́yìn.

Ẹ mọ dátábéèsì tí ẹ ń lò pẹ̀lú. Ní PostgreSQL, bí ẹ bá kó ALTER TABLE (àṣẹ tó ń yí table padà) mẹ́ta sínú BEGIN kan (tó ń so wọ́n pọ̀ bí iṣẹ́ kan), tí ẹ̀kẹta kọ̀, méjì tó ṣáájú á pa rẹ́. Ní MySQL, ALTER TABLE kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe COMMIT tirẹ̀, ìyẹn ni pé ó ń fìdí àyípadà rẹ̀ múlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Méjì yẹn á dúró, ẹ ó sì wà lágbedeméjì. Àyípadà kan ṣoṣo ni mo máa ń fi sínú migration kan níbẹ̀.

Èmi kì í yọ nǹkankan lọ́jọ́ upgrade mọ́. Màá fi column tuntun kún un, ní fífàyè gba NULL kí INSERT (àṣẹ tó ń fi dátà tuntun sínú table) tí kóòdù àtijọ́ ń lò má baà kọ̀. Kóòdù tuntun á máa kọ sí méjèèjì, màá sì máa kó dátà àtijọ́ wá díẹ̀díẹ̀. Bí nǹkan bá yíwọ́, kóòdù nìkan ni màá dá padà. Ó di ẹ̀yìn upgrade mìíràn kí n tó yọ ti àtijọ́.

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ dán an wò lórí ẹ̀dà dátà gidi: up, down, kí ẹ tún pe up. Up kejì yẹn ló ń tú àṣírí: index (atọ́ka tó ń mú kí wíwá dátà yá) tí “down” gbàgbé láti yọ á ní òun ti wà níbẹ̀.