Sìmẹ́ńtì tí mo fi rẹ́ ògiri ìyá àgbà

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ba ògiri náà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kó má dà bíi pé ẹlòmíì ni mo fẹ́ bú.

Amọ̀ ni wọ́n fi mọ yàrá ìyá àgbà wa ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Tí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí ìlà tó yí i ká, níbi tí wọ́n ti dúró kí ìpele kan gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ojú àtẹ́lẹwọ́ ẹnì kan wà lára ìpele kejì, ìka márààrún hàn kedere. Bí ìyá àgbà bá ń rẹ́ ilé lọ́dọọdún, kì í fọwọ́ kan ibẹ̀.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo ti Kútọnu dé pẹ̀lú àpò sìmẹ́ńtì márùn-ún. Ojú ló ń tì mí nítorí ilé amọ̀ náà. Ọ̀mọlé rẹ́ ẹ, ó dán bí àwo, mo ya fọ́tò ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Òjò ọdún kejì ló tú mi láṣìírí. Omi ti gba ẹ̀yìn sìmẹ́ńtì wọlé, kò rọ́nà jáde. Mo fi ìka kan ògiri, ó ń dún bí igbá òfìfo. Ọjọ́ kẹta, odidi abala kan já lulẹ̀ tòun ti amọ̀.

Mo ké sí bàbá kan ládùúgbò tó mọ iṣẹ́ amọ̀. Ó wò ó títí.

“Ìwọ ọmọ yìí, ẹni tó ń làágùn lo da ọ̀rá bò.”

“Ẹ má bínú, bàbá. Kí la máa ṣe báyìí?”

“Ẹ ha á kúrò.”

Ọ̀sẹ̀ kan la fi ha á. Nígbà tá a dé ìdí ilẹ̀kùn, àtàńpàkò ọwọ́ yẹn ti bá sìmẹ́ńtì lọ. Ìka mẹ́rin ló kù.

Kòtò ẹ̀yìn ilé la ti wa amọ̀ tuntun, níbi tí wọ́n ti wa ti àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe odi Kétu: yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n wa nínú yàrà ni wọ́n fi mọ ọ́n, àwa tá à ń gba Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà, kọjá kì í rántí. Ogun Dàhòmì pa ìlú run lọ́dún 1886. Ìyá àgbà ní bàbá òun wà lára àwọn tó padà wá tún ilé kọ́, ilẹ̀ pupa yìí náà sì ni wọ́n tún gbẹ́.

Bàbá ní ká bu omi sí amọ̀ kó sùn mọ́jú. Ìgbà tó di àárọ̀, a da koríko gígé àti ìgbẹ́ màlúù sí i, a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí tí kò fi ya mọ́. (Òórùn rẹ̀? Ẹ jẹun tán ná.)

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣì ní ká wó o, ká fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ. Òótọ́ wà níbẹ̀, búlọ́ọ̀kù kò ní ká máa wá rẹ́ òun lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n bí oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà bá mú, tí páànù ilé búlọ́ọ̀kù tiẹ̀ gbóná, yàrá amọ̀ yẹn ló ń gbé ẹní wá.