Ẹ bá mi kí alága wa o!

Ẹ̀gbọ́n mi níbi iṣẹ́ la dìbò yàn ní alága ẹgbẹ́ àwa dókítà, NMA, ní ìpínlẹ̀ wa níbí. Ẹgbẹ́ tó ti wà láti 1951, kì í ṣe ẹgbẹ́ àná.

Wọn ò tiẹ̀ dúró jẹ ìrẹsì. Bí a ṣe kéde orúkọ wọn tán, wọ́n kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, wọ́n ní àwọn ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́. Èmi ni mo fi mọ́tò gbé wọn láti Òkè-Fìà, ní Òṣogbo, lọ sí ọsíbítù. Kí n tó páàkì, wọ́n ti dé wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Léèsì ṣì wà lọ́rùn wọn, wọ́n ti ká apá rẹ̀ sókè, wọ́n ń wá iṣan ọwọ́ ọmọ kan tí ìgbẹ́ gbuuru ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Fóònù wọn ń gbọ̀n ṣáá nínú báàgì.

"Fi í sílẹ̀ jàre, ẹni tó bá fẹ́ kí mi á tún pè."

Ìgbà tí omi tí wọ́n fà sí ọmọ náà lára bẹ̀rẹ̀ sí í kán, tó, tó, tó, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ìyá ọmọ ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé o." (Dókítà obìnrin wo ni wọn ò tíì pè bẹ́ẹ̀ rí?)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire. Àwọn ọ̀dọ́ dókítà ń jápa, iṣẹ́ ń wọ àwa tó kù lọ́rùn. Ẹ bá wa bá ìjọba sọ ọ́ kó yé wọn.

Ìrẹsì yín ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ẹran orí rẹ̀ nìkan ni mo ti jẹ.