Bí London ṣe jìnnà sí Èkó náà ni Bahia ṣe jìnnà

Ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan tó ti ń dùn mí lọ́kàn tipẹ́. Láti pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed n'Íkẹjà dé Heathrow ní London, tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n tààrà, nǹkan bíi 5,000 kìlómítà ni. Láti Ìkẹjà yẹn náà dé Salvador ní Bahia, ní Brazil lọ́hùn-ún, kò ju nǹkan bíi 5,090 lọ. Ohun tó fi jù ú ò tó ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn o! Àmọ́ ẹ bi ará ilé yín wò, wọ́n á ní London ò jìnnà, Brazil ló wà ní ìpẹ̀kun ayé.

Kò sí nǹkan tó fà á ju pé ojoojúmọ́ ni bàálù ń lọ London, wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀, o sùn díẹ̀ o ti balẹ̀. Ṣé bàálù mọ̀ bóyá Sàhárà ló wà nísàlẹ̀ òun àbí òkun ni? Tó bá ti gòkè tán, bíi 870 kìlómítà ló ń sá ní wákàtí kan, torí náà tí ọ̀kan bá gbéra n'Íkẹjà tó dojú kọ Bahia tààrà, wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀ sí méje náà ni, aago tiwọn sì fi wákàtí mẹ́rin wà lẹ́yìn tiwa, tó o bá gbéra laago mẹ́jọ àárọ̀ o ti máa dé kí aago mọ́kànlá àárọ̀ tiwọn tó lù. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ o ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níwájú àwọn ìyá aláṣọ funfun tó ń fi epo pupa din acarajé, ìyẹn àkàrà tiwọn, wọ́n á là á láàárín, wọ́n á fi vatapá (ọbẹ̀ kíki tí wọ́n fi búrẹ́dì, àgbọn àti epo pupa sè) àti edé gbígbẹ sínú ẹ̀, wọ́n á bi ẹ́ bóyá o fẹ́ ata.

Báwo la ṣe wá ń lọ báyìí? Ọ̀pọ̀ èèyàn ń gba Addis Ababa. Wàá kọ́kọ́ lọ sí ìlà oòrùn, 3,900 kìlómítà, wàá jókòó dúró de bàálù míì, wàá tún gba orí ilẹ̀ Áfíríkà padà, 9,900 dé São Paulo, lẹ́yìn náà 1,450 míì kó o tó rí Salvador. Ó lé ní 15,000, ìlọ́po mẹ́ta gbáko! Ó máa ń ká mi lára.

Torí pé nígbà ayé àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn èèyàn wa tó ti Brazil padà wá sílé, ọkọ̀ ojú omi ń lọ ó ń bọ̀ láàárín Èkó àti Bahia. Martiniano Eliseu do Bonfim, ọmọ Bahia ni, ọdún 1875 ni bàbá ẹ̀ mú un wá sí Èkó, ibẹ̀ ló ti kàwé, nígbà tó padà ó di babaláwo tí gbogbo Salvador mọ̀.

Oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni Nàìjíríà àti Brazil tọwọ́ bọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ bàálù tó máa lọ tààrà, Èkó sí São Paulo ni wọ́n ń sọ, 6,350 kìlómítà. Inú mi dùn sí i gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tọ́rọ̀ yìí wà lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo máàpù: tí bàálù yẹn bá kọ́kọ́ balẹ̀ ní Salvador kó já èrò, kó tó máa lọ São Paulo, ohun tó máa fi kún ìrìn ẹ̀ ò tó 200 kìlómítà.