Ohun Tí Fọ́ọ̀mù Onìbéèrè 34 Kọ́ Mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ gbígba èrò oníbàárà lé lọ́wọ́, fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ tí èmi ṣe ní ìbéèrè 34. Gbogbo ẹ̀ka iléeṣẹ́ ló mú tiwọn wá, mi ò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó mú tirẹ̀ kúrò. Àwọn tó dáhùn kò pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì fi 4 sí gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Nígbà tí mo gbé èsì náà síwájú ọ̀gá mi, ohun kan ṣoṣo ló bi mí: "Kí ni ká wá ṣe báyìí?" Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Láti ọjọ́ náà, kí n tó fi ìbéèrè kan sínú fọ́ọ̀mù, mo máa ń kọ́kọ́ kọ ohun tí a máa ṣe bí ìdáhùn bá dára sílẹ̀, àti ohun tí a máa ṣe bí kò bá dára. Bí méjèèjì bá jọra, mo yọ ìbéèrè náà. Ìbéèrè nípa ọjọ́ orí àti irú iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe sábà máa ń wà lára àwọn tí mò ń yọ. Orúkọ àti nọ́mbà fóònù ní tiwọn, ìparí ni kí ẹ fi wọ́n sí, kó sì jẹ́ pé ẹni tó bá wù ló máa kọ ọ́. Ẹni tó bá ti sọ orúkọ rẹ̀ ṣáájú kì í fẹ́ sọ gbogbo tinú rẹ̀ mọ́.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ bá ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lójúkojú, ẹ máa rí i bó bá fajú ro, ẹ ó sì tún ọ̀rọ̀ yín sọ. Fọ́ọ̀mù kò lójú tó lè fi rí ìyẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo àkókò púpọ̀ lórí bí ìbéèrè ṣe máa dún. Mo ti béèrè rí pé, "Ṣé òṣìṣẹ́ wa yára, ṣé ó sì bọ̀wọ̀ fún yín?" Kí ni ẹni tí wọ́n yára dá lóhùn, àmọ́ tí wọ́n kàn lábùkù, fẹ́ mú níbẹ̀? Mo tún ti béèrè pé, "Báwo lẹ ṣe gbádùn iṣẹ́ wa tó?" Mo ti fi ìgbádùn sí oníbàárà lẹ́nu kó tó lanu.

Rensis Likert, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ló gbé ọ̀nà ìdáhùn oní-ìpele, láti orí "mo fara mọ́ ọn gan-an" dé "mi ò fara mọ́ ọn rárá", jáde ní 1932. Ó wúlò, àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń gbà pẹ̀lú ohunkóhun tí wọ́n bá kà. Dípò kí ẹ ní kí wọ́n fara mọ́ ọn pé iṣẹ́ yín rọrùn láti lò, ẹ bi wọ́n bó ṣe rọrùn tàbí bó ṣe nira tó. Ẹ fi àyè "kò kàn mí" síbẹ̀ pẹ̀lú, torí ẹni tí kò pe òṣìṣẹ́ yín rí, tí ẹ sì fipá mú dáhùn, irọ́ ló máa kọ.

Ìbéèrè kan tó gbayì gan-an lónìí ni èyí tí Fred Reichheld, agbaninímọ̀ràn nípa òwò ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2003, pé láti 0 dé 10, báwo ló ṣe ṣeé ṣe tó pé kí ẹ júwe wa fún ọ̀rẹ́ yín. Wọ́n á yọ ìdá àwọn tó mú 0 sí 6 kúrò nínú ìdá àwọn tó mú 9 àti 10. Nọ́mbà náà lè fi hàn yín pé nǹkan ń bàjẹ́, kò lè fi ibi tó ti ń bàjẹ́ hàn yín.

Ìbéèrè tó ṣe mí lóore jù lọ rèé: "Nígbà tí ẹ lo iṣẹ́ wa kẹ́yìn, níbo lọ̀rọ̀ ti dojú rú?" Àpótí òfìfo ni mo fi sábẹ́ rẹ̀. Oníbàárà kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé nígbà tí òun sanwó tán, ojú ìwé ìsanwó náà ṣófo, òun rò pé owó kò wọlé, òun sì san án lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí ìkankan nínú ìbéèrè 34 ìjelòó tó lè mú ọ̀rọ̀ yìí jáde, nítorí kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wa pé ó ń ṣẹlẹ̀.

Wọ́n ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, àmọ́ ta lẹ bi? Ní 1936, ìwé ìròyìn Literary Digest ní Amẹ́ríkà fi ìwé ránṣẹ́ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 èèyàn láti bi wọ́n ta ni wọ́n máa dìbò fún nínú ìdìbò ààrẹ, èsì tó ju mílíọ̀nù 2 ló sì padà wá. Wọ́n ní Alf Landon ló máa wọlé. Franklin Roosevelt ló wọlé, ní ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. Àwọn tó dá ìwé náà padà kò jọ gbogbo ìlú. Èmi náà ti ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí kìkì àwọn tó rajà tán. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wa sú tí wọ́n sì kúrò láàárín ọ̀nà kò tiẹ̀ sí nínú àkọsílẹ̀ tí mo lò, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni mo nílò jù.

Kí ẹ tó tẹ "firánṣẹ́", ẹ wá èèyàn márùn-ún tí kì í bá yín ṣiṣẹ́, kí wọ́n ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sókè, kí wọ́n sì sọ ohun tó yé wọn. Nígbà tí mo ṣe é kẹ́yìn, mo kọ "láìpẹ́ yìí" sínú ìbéèrè kan. Ẹnì kan ní ọ̀sẹ̀ yìí ló túmọ̀ sí, ẹlòmíràn ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Mo yí i sí "láàárín ọjọ́ 30 tó kọjá".