Mo fi "nim" wọ ara mi ní Seoul

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ojú tì mí lónìí o! Ilé ìkọ́ taekwondo kékeré kan ni mo yà ní Seoul níbí, wọ́n ní kí n sọ ẹni tí mo jẹ́. Èmi tí àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ n'Íbàdàn ń pè ní "sabeomnim" lójoojúmọ́, mo tẹríba, mo ní, "Sabeomnim ni mí." Àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan tiẹ̀ fi bẹ́líìtì bo ẹnu, bẹ́líìtì pupa àti dúdú ti poom, ipele tí wọ́n ń fún ọmọ tí kò tíì pé 15 dípò dan, ìyẹn ipele bẹ́líìtì dúdú àwọn àgbà.

Gwanjangnim, ẹni tó ni ilé ìkọ́ náà, rọra fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Sabeom" ni olùkọ́. "Nim" ni ọ̀wọ̀, ẹlòmíì ló ń fi í fún ni. Àfi bíi kí n kanlẹ̀kùn nílé àna mi, kí wọ́n ní ta ni, kí n ní, "Wọ́n ti dé o!" Ọmọ Yorùbá tó mọ "o" yàtọ̀ sí "ẹ", kí ló ṣe mí tí n kò fura?

Nígbà tí mò ń lọ, ọmọ bẹ́líìtì yẹn tẹríba, ó ní ó dàbọ̀: "Annyeonghi gaseyo, sabeomniiiim!"