Ẹ Má Ṣe Gba Máòsì Lọ́wọ́ Ọmọ

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń múra láti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ England, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹni tí wọ́n bá fa ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà lé lọ́wọ́. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2014 ni ìjọba ibẹ̀ ti fi ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní computing rọ́pò ICT àtijọ́, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ ìsọfúnni àti ìbánisọ̀rọ̀, ìyípadà náà sì dára lójú tèmi. Ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ ọmọ ọdún 5 sí 7 ju kí ó mọ bọ́tìnì tẹ̀ lọ: wọ́n fẹ́ kí ó lè to àṣẹ lẹ́sẹẹsẹ fún ẹ̀rọ, kí ó wá ibi tí àṣìṣe wà nínú àṣẹ náà kí ó sì tún un ṣe, kí ó lè fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ kí ó sì rí i mú jáde padà, kí ó sì mọ bí a ṣe ń pa ọ̀rọ̀ ara ẹni mọ́.

Ẹ má ṣe rò pé ọmọ tó ti ń fi fóònù ṣeré láti kékeré ti mọ kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò kọ́kọ́ fi ìka kan ojú ẹ̀rọ, tí yóò máa retí kí àwòrán sún, nítorí pé tábúlẹ́ẹ̀tì ni ọwọ́ wọn mọ̀. Kíbọ́ọ̀dù tún ní ìṣòro kan tí àgbàlagbà kì í fiyè sí: lẹ́tà ńlá ló wà lára bọ́tìnì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni lẹ́tà kékeré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà fún ọmọ. Ọmọ tó mọ "g" dáadáa lè wo kíbọ́ọ̀dù títí kí ó má rí i, nítorí pé "G" ló wà níbẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà ńlá àti kékeré pọ̀ sórí káàdì kan tí yóò máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kí orúkọ àti páswọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń wọlé má baà jẹ gbogbo àkókò yín.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù ni pé kí ẹ má ṣe gba máòsì lọ́wọ́ ọmọ. Lọ́dọ̀ wa, àgbà tó bá rí ọmọdé tí nǹkan kò gún lọ́wọ́ rẹ̀ á ní "gbé e wá," á sì bá a ṣe é, ìfẹ́ ló sì ń mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú kíláàsì tí ọmọ bí ọgbọ̀n wà, ìkánjú á tún kún ìfẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ni yóò mọ iṣẹ́ náà, ti ọmọ kò ní mọ̀ ọ́n. Ẹ ká ọwọ́ sẹ́yìn, kí ẹ sì bi í pé: "Kí lo fẹ́ kó ṣe? Kí ló wá ṣe? Níbo ló ti yà?"

Ibi tí èyí ti hàn jù ni ìdí Bee-Bot, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ṣe bí kòkòrò oyin, tí bọ́tìnì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọmọ bá tẹ bọ́tìnì iwájú lẹ́ẹ̀kan, yóò rìn ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15; bí ó bá tẹ ti ọ̀tún, yóò kàn yí ojú sí ọ̀tún lórí ibi tí ó wà ni, kò ní rìn. Ọmọ tó rò pé yóò rìn lọ sí ọ̀tún á ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Bí kò bá sì tẹ bọ́tìnì tí ń pa àṣẹ àtijọ́ rẹ́, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ ṣe ti tẹ́lẹ̀ kí ó tó ṣe tuntun. Ẹ má ṣe yára tú àṣírí yìí fún un. Ẹ ní kí ó dìde, kí ó di oyin fúnra rẹ̀, kí ẹnì kejì rẹ̀ máa ka àṣẹ náà sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí òun sì máa tẹ̀ lé e bí ó ṣe wà gẹ́lẹ́. Nígbà tí wọ́n bá sọ pé "ọ̀tún," tí ó yí tí ó sì dúró, ojú rẹ̀ á là. Ó sàn ju kí ẹ béèrè pé "ṣé ó yé yín?" lọ, torí gbogbo kíláàsì ni yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ní ti ààbò, ẹ kọ́ wọn pé a kì í fún ọ̀rẹ́ pàápàá ní páswọ́ọ̀dù. Bí ọmọ bá wá sọ fún yín pé òun rí ohun tó dẹ́rù ba òun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má ṣe bá a wí, ẹ má sì ṣe ṣèlérí pé ẹ ó pa á mọ́ láṣìírí. Ẹni tí ilé ẹ̀kọ́ yàn fún ààbò ọmọ ni kí ẹ lọ sọ fún lọ́jọ́ náà gan-an.

Àwọn òbí wa kan, ní Peckham ní ìlú London àti níbòmíràn, máa ń rò pé eré lásán ni oyin tí ọmọ ń tì kiri nílẹ̀. Ẹ pè wọ́n wá, kí ọmọ fúnra rẹ̀ to àṣẹ kan lójú wọn. Kí ẹ tó fún ọmọ ní iṣẹ́ àṣetiléwá tó nílò kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ọ̀kan wà nílé wọn. Bí kò bá sí, ẹ fi ilé ìkàwé àdúgbò hàn wọ́n, nítorí pé kọ̀ǹpútà tí ará ìlú lè lò wà nínú ọ̀pọ̀ wọn.