Ọmọ Tó Gba Tránsífà Kì Í Bá Régbérégbé Wọlé

Ẹni tó bá mọ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde mọ̀ pé èèyàn kì í dá nìkan jó lọ síwájú Awùjalẹ̀. Régbérégbé lèèyàn ń bá lọ, aṣọ kan náà, fìlà kan náà, àwọn tẹ́ ẹ jọ dàgbà. Ọmọ tó lo ọdún méjì ní community college, ilé ẹ̀kọ́ gíga ọlọ́dún méjì, l'Amẹ́ríkà, tó wá gba tránsífà bọ́ sí yunifásítì lọ́dún kẹta, dà bí ẹni tó dé pápá lẹ́yìn tí gbogbo régbérégbé ti rán aṣọ tán. Àwọn tó bá níbẹ̀ ti jọ gbé yàrá kan láti ọdún àkọ́kọ́, wọ́n mọ olùkọ́ tó le àtèyí tó rọ̀. Tó bá tún jẹ́ òun nìkan ni aláwọ̀ dúdú nínú kíláàsì ogójì èèyàn, ìdánìkanwà ọ̀hún á di ìlọ́po méjì.

Àwa òbí a máa rò pé ìwé ló máa pa á lára jù. Òótọ́ ni pé èsì sábà máa ń wálẹ̀ ní sẹmẹ́sítà àkọ́kọ́. Lọ́dún 1965 ni John Hills ti kọ̀wé nípa rẹ̀, transfer shock ni wọ́n ń pè é, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń gòkè padà. Ọmọ tí èsì rẹ̀ (GPA) jẹ́ 3.6 nínú 4 tẹ́lẹ̀ tó wá di 2.9 kò tíì bàjẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ kó mí.

Yúnìtì tó ń sọnù ni kí ẹ bá a wò. GAO, iléeṣẹ́ tó ń ṣàyẹ̀wò ìnáwó ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, gbé e jáde lọ́dún 2017 pé àwọn tó gba tránsífà láàárín 2004 sí 2009 pàdánù bí ìdá 43 nínú 100 yúnìtì wọn, tá a bá pín in dọ́gba. Ibi tí ẹ̀tàn wà ni pé ilé ẹ̀kọ́ lè sọ pé òun "gba" ọgọ́ta yúnìtì, síbẹ̀ kí 42 péré wọnú òǹkà dìgírì tí ọmọ ń ṣe. Ìyókù di ẹrù tí kò lójú ọjà. Dìgírì sábà máa ń jẹ́ 120 yúnìtì, 78 ló kù nìyẹn. Tó bá ń ṣe mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní sẹmẹ́sítà kan, ó ti kọjá sẹmẹ́sítà márùn-ún, nígbà tí gbogbo ilé ní Ṣágámù ti ń ka mẹ́rin. Ọmọ á máa fi ìtìjú pamọ́, òbí á máa rò pé eré ló ń ṣe.

Kó tó lọ rárá ló yẹ kó ti tọ́jú syllabus gbogbo kọ́ọ̀sì, ìwé tí olùkọ́ ń pín ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí orúkọ kọ́ọ̀sì nìkan kì í tó wọn. Kẹ́mísírì tí kò ní lábù nínú lè má jẹ́ ìtẹ́wọ́gbà, máàkì tó bá sì wà lábẹ́ C, wọ́n sábà máa ń dá a padà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ nílé, ní Àgó-Ìwòyè tàbí Ìlíṣàn, kó gba ìlànà kọ́ọ̀sì tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ lu òǹtẹ̀ sí kó tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Látọ̀nà jíjìn, iṣẹ́ ńlá ni. Tó bá débẹ̀, kó béèrè fún degree audit, ìwé tó ń fi yúnìtì tó wọnú òǹkà dìgírì àtèyí tó kù hàn, ní kíkọ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó tó di pé wọ́n ti ìlẹ̀kùn pípààrọ̀ kọ́ọ̀sì. Tí wọ́n bá yọ nǹkan, kó gbé syllabus lọ bá ẹ̀ka tó ni kọ́ọ̀sì náà. Ọ́fíìsì ìgbàwọlé kì í sábà lágbára lórí ẹ̀.

Ti àwọ̀ wá ńkọ́? Nílé, ọmọ ilé ta ni wọ́n ń bi í. Lọ́hùn-ún, ó lé lógún ọdún kó tó mọ̀ pé "dúdú" lorúkọ òun, ọlọ́pàá ọgbà kò sì ní béèrè bóyá Rẹ́mọ ló ti wá. Nítorí náà, kó má ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn dúdú Amẹ́ríkà. Black Student Union, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú, wà ní ọ̀pọ̀ ọgbà, ẹgbẹ́ ọmọ Áfíríkà wà, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó jẹ́ dúdú sì ní ẹgbẹ́ tiwọn, NSBE, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Purdue lọ́dún 1975. Kó wá wọn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń mọ ẹni tó lè gẹ irun tàbí dì í. Ẹ má fojú kéré ìyẹn.

Bí ọkàn rẹ̀ bá rẹ̀wẹ̀sì, ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà jù ni pé ọmọ á rọra já kọ́ọ̀sì kan sílẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ní físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, kò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ yúnìtì 12 ní sẹmẹ́sítà kan láìgba àṣẹ, ó lè ba ìwé ìgbélùú rẹ̀ jẹ́. Àmọ́ òfin fàyè gba àìsàn, ti ọkàn náà sì wà níbẹ̀. Lẹ́tà dókítà tó ní ìwé àṣẹ ni kó kọ́kọ́ gbé lọ fún DSO, òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tó ń bójú tó ìwé físà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, kó *tó* já kọ́ọ̀sì. Oṣù méjìlá lápapọ̀ ni wọ́n lè fún un fún ìpele dìgírì kan. Owó ilé ẹ̀kọ́ sábà ti san ti olùdámọ̀ràn ọkàn ní ọgbà, ó sì lè béèrè fún ẹni tó jẹ́ dúdú. Bí ọ̀rọ̀ bá di pàjáwìrì lóru, 988 ni kó pè, ìlà tẹlifóònù Amẹ́ríkà fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà nínú wàhálà.

Ẹ má pe yunifásítì láti wá èsì o. Òfin FERPA ti ọdún 1974, tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, kì í sábà jẹ́ kí wọ́n dá yín lóhùn láìsí àṣẹ ọmọ. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ pè, kì í ṣe lẹ́yìn àdúrà àárọ̀: aago mẹ́fà àárọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, aago méjìlá òru ni ní New York lásìkò òtútù. Mẹ́sàn-án alẹ́ ló dáa, ọ̀sán ló máa jẹ́ níbẹ̀. Ẹ fi "ìgbà wo lo máa parí?" sílẹ̀. Yúnìtì mélòó ló wọlé? Ta lẹ jọ jẹun lánàá?